Bí àti Bá Nínú Ìgbésí Ayé Herbert Macaulay

Ìṣèlú ni orúkọ Herbert Macaulay máa ń mú wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn: irun imú rẹ̀ funfun tó nà bí ìyẹ́ ẹyẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú tó dá sílẹ̀, ìjà àìmọye tó bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà. Ojú rẹ̀ wà lára owó náírà kan tí ìjọba Nàìjíríà tẹ̀ jáde ní 1979. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni ọkùnrin náà. Ilẹ̀ wíwọ̀n ni iṣẹ́ tó kọ́, òun náà ló sì fi jẹun fún èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí ni a ti lè rí irú ìrònú tó gbé e dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀n, ìrònú tí olùkọ́ jiọ́mẹ́tìrì ń gbìyànjú láti gbìn sí ọkàn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́.

Ìlú Èkó ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ọdún 1864, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀, Abigail, jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Bàbá rẹ̀ ni Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ẹni tí wọ́n bí ní Sàró fún àwọn òbí Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tó sì kàwé dé King's College ní Lọ́ńdọ̀n. Bàbá yìí ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1859 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà. Òun ni ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Lára àwọn iṣẹ́ tí Àlùfáà Macaulay fi lélẹ̀ ni èdè Gẹ̀ẹ́sì, Látíìnì, èdè Gíríìkì, ìṣirò, ìtàn, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé àti ẹ̀kọ́ Bíbélì. Jiọ́mẹ́tìrì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìmọ̀ ìrònú tí a mọ̀ sí lọ́jíìkì náà sì wà níbẹ̀. Kò sí ohun ìyanu nínú pé méjèèjì jọ wà. Ní ayé ìgbà náà, ìwé Euclid, ọ̀mọ̀wé tó gbé ní Alẹkisáńdíríà ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún ṣáájú ìbí Jésù, ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fi ń kọ́ jiọ́mẹ́tìrì. Ìwé ìrònú ni ìwé náà tó bí ó ti jẹ́ ìwé àwòrán. Gbólóhùn rẹ̀ kan kì í dá dúró; bí èyí bá rí báyìí, a jẹ́ pé tọ̀hún gbọ́dọ̀ rí báyẹn ni wọ́n fi ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Irú gbólóhùn yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Èdè wa ní ohun èlò fún un: *bí* níwájú olùwà, *bá* níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, lẹ́yìn náà ni ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Ibi tí ìṣòro wà ni pé akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rò pé gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣeé yí po. Ẹ jẹ́ kí a wo ọjà kan ní Èkó. Bí ọkọ̀ ojú omi bá ti Ẹ̀pẹ́ dé, ẹja yóò wà lọ́jà. Ká ní òótọ́ ni èyí. Ẹni tó bá rí ẹja lọ́jà kò tí ì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ọkọ̀ ti Ẹ̀pẹ́ dé, nítorí ẹja náà lè jẹ́ ti Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé ọjà tí kò rí ẹja rárá lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ kò dé. Ọ̀nà kan dí, ọ̀nà kejì là. Ọmọ tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà méjèèjì yìí yóò máa há ìlànà jiọ́mẹ́tìrì sórí bí ẹni há orin sórí ni.

Ọdún 1877 ni Herbert wọ ilé-ẹ̀kọ́ bàbá rẹ̀. Bàbá náà kú ní 1878, ọmọ náà sì ń bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ títí di 1880. Ní 1881, ó wọ ẹ̀ka iṣẹ́ òde ti ìjọba Èkó gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé kékeré. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló lò níbẹ̀ kí wọ́n tó rí i pé orí rẹ̀ pé fún iṣẹ́ ìyàwòrán àti ìwọnlẹ̀. Nígbà ayé Gómìnà Alfred Moloney ni ìjọba fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó sì wọkọ̀ lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1890. Níbẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ lábẹ́ G. D. Bellamy, ẹni tó jẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ àti onímọ̀ ẹ̀rọ omi fún ìlú náà. Ó padà sí Èkó ní 1893.

Kí ni wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ayé ìgbà náà ń ṣe gan-an? Ẹ̀wọ̀n irin tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 66, tó ní ojú 100, ló fi ń wọn gígùn. Ilẹ̀ tó bá gùn ní ẹ̀wọ̀n márùn-ún tó sì fẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n méjì, éékà kan géérégé ni. Ẹ̀rọ tẹodoláìtì ló fi ń wo igun. Yóò bẹ̀rẹ̀ láti òpó ààlà kan, yóò rìn yí ilẹ̀ náà po, yóò máa kọ igun àti gígùn sílẹ̀ títí yóò fi padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló tó jókòó ti ìwé rẹ̀ láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà dára.

Ibi ìjókòó yìí ni jiọ́mẹ́tìrì ti di ìrònú. Bí ilẹ̀ kan bá ní igun mẹ́rin, tí a sì wọn igun inú rẹ̀ dáadáa, àpapọ̀ wọn yóò jẹ́ dígírì 360. Bí ó bá jẹ́ igun márùn-ún, 540 ni. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí a yọ 2 kúrò nínú iye igun, kí a sì fi 180 sọ èyí tó kù di púpọ̀. Ká ní àpapọ̀ igun mẹ́rin inú ìwé wọnlẹ̀wọnlẹ̀ jẹ́ 357: kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè gbà á, àṣìṣe ti wọ iṣẹ́ náà, àfi kó padà sóko. (Ìyàtọ̀ bíńtín tí ojú àti ẹ̀rọ máa ń fà kò sí nínú èyí, ìyẹn ní ìwọ̀n tí a máa ń gbà láàyè.) Ṣùgbọ́n ká ní 360 ló bá pé géérégé ńkọ́? Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ yóò fò sókè pé iṣẹ́ òun ti tọ́. Ọ̀gá rẹ̀ yóò sọ fún un pé kò tí ì rí bẹ́ẹ̀. Ó lè ti ka igun kan ní dígírì méjì jù, kó sì ti ka òmíràn ní dígírì méjì dín, kí àṣìṣe méjèèjì sì pa ara wọn rẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé igun tọ́ ṣùgbọ́n ó ka ẹ̀wọ̀n kan ṣèèṣì. Àpapọ̀ tí kò pé jẹ́rìí sí àṣìṣe. Àpapọ̀ tó pé kò jẹ́rìí sí òdodo. Ẹja ọjà náà la tún bá pàdé yìí.

Ìgbà mìíràn wà tí gbólóhùn náà ṣeé yí po, ṣùgbọ́n a ní láti fi ẹ̀rí yíyípo náà hàn lọ́tọ̀. Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù ni ti Pythagoras. Bí onígun mẹ́ta kan bá ní igun dígírì 90, ìlọ́po ara-ẹni ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù yóò bá àpapọ̀ ìlọ́po ara-ẹni ẹ̀gbẹ́ méjì yòókù dọ́gba. Euclid fi èyí hàn ní ìlànà 47 nínú apá kìn-ín-ní ìwé rẹ̀. Kò dúró níbẹ̀. Ìlànà 48, tó kẹ́yìn apá náà, fi hàn pé ìyípo rẹ̀ náà jẹ́ òótọ́. Ó dà bí ẹni pé àsọtúnsọ ni, bẹ́ẹ̀ sì kọ́. Bíríkìlà tó ń ta okùn sí ìpìlẹ̀ ilé ní Ìkòròdú, tó wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 síhìn-ín, 4 sọ́hùn-ún, tó sì ń wá 5 láàárín wọn kí igun ilé lè gún, ìlànà 48 ló ń lò. Kò tí ì ní igun tó gún lọ́wọ́. Ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Olùkọ́ tó bá fi 47 ṣàlàyé iṣẹ́ bíríkìlà náà ti fi ìdí gbólóhùn ṣe orí.

Nígbà tí Macaulay padà dé, ìjọba fi í ṣe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ilẹ̀ ọba ní Èkó. Owó tí wọ́n ń san fún un kò tó ti àwọn aláwọ̀ funfun tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, àárín òun àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò sì gún. Ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1898, ó gba ìwé àṣẹ láti máa dá ṣiṣẹ́, ó sì ń wọn ilẹ̀, ó ń ya àwòrán ilé fún àwọn ènìyàn jàǹkànjàǹkàn ní Èkó. Ọ̀kan lára àwọn tó ya àwòrán ilé fún ni Henry Carr, ọ̀mọ̀wé tó gba oyè ìmọ̀ ìṣirò ní Fourah Bay. Àwọn méjèèjì wá di ọ̀tá ara wọn nínú ìṣèlú, Macaulay sì tẹ ìwé kékeré kan jáde láti fi bá Carr jà ní 1924. Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá rò pé ìmọ̀ ìrònú nìkan tó láti mú kí ọlọ́gbọ́n méjì fẹnu kò. Ìrònú kì í ju bí ó ti ń so ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọ̀rọ̀ kejì lọ. Bí ohun tí ẹnì kìn-ín-ní gbà ní ìbẹ̀rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì, àwọn méjèèjì lè rìn gégé kí wọ́n sì gúnlẹ̀ sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀ràn ilẹ̀ Àpápá ló kọ́kọ́ gbé ìmọ̀ ilẹ̀ tí Macaulay ní lọ sí ìlú òkèèrè. Ìjọba gba ilẹ̀ níbẹ̀ lọ́wọ́ Àmọ́dù Tìjání, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn olóyè onífìlà funfun tí ilẹ̀ Èkó wà ní ìkáwọ́ ìdílé wọn. Kò sí àríyànjiyàn pé ìjọba lè gbà á fún iṣẹ́ ìlú. Iye owó tí wọ́n yóò san ló di ìjà. Ilé-ẹjọ́ ní Èkó gbà pé ẹ̀tọ́ àbójútó lásán ni olóyè náà ní, nítorí náà owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ti ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1920, Macaulay bá Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀n gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀ rẹ̀.

Bí a bá tú ọ̀ràn náà palẹ̀, gbólóhùn *bí* méjì ló gbé e ró. Èkíní: bí ọba bá fi ìlú lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, gbogbo ilẹ̀ inú ìlú di ti Gẹ̀ẹ́sì. Òótọ́ ni pé Dòsùnmú fi ọwọ́ sí ìwé ní 1861. Ohun tí kì í ṣe òótọ́ ni okùn tí wọ́n fi so apá kejì mọ́ apá kìn-ín-ní, nítorí àṣẹ lórí ìlú lè bọ́ sí ọwọ́ mìíràn kí ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ má yẹ̀. Èkejì: bí ẹnì kan kò bá lè dá ta ilẹ̀ bí ó ti wù ú, kì í ṣe òun ló ni ín. Inú òfin Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí gbólóhùn yìí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹbí ló ni ilẹ̀, àwọn tó ti kú, àwọn tó wà láàyè àti àwọn tí a kò tí ì bí; olórí ẹbí ń ṣọ́ ọ fún wọn. Pé olóyè kò lè dá a tà kò fi hàn pé kò ní olówó. Ó fi hàn pé olówó rẹ̀ pọ̀ ju ẹyọ ẹnì kan lọ. Ní 1921, Privy Council, ìgbìmọ̀ tí ẹjọ́ ilẹ̀ amúnisìn gbogbo ń parí sí, dá Olóyè Olúwa láre pé ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú lórí ilẹ̀ náà pé pérépéré, owó rẹ̀ sì gbọdọ̀ bá a mu. £22,500 ni wọ́n san.

Ìrìn-àjò kan náà yìí ló bí ìjà kejì. Ọ̀pá àṣẹ Èṣùgbàyí Elékòó, ọba Èkó, wà lọ́wọ́ Macaulay ní Lọ́ńdọ̀n, ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀ nípa ipò ọba náà sì bí ìjọba nínú. Wọ́n ní kí Elékòó kéde pé òun kò mọ̀ sí ọ̀rọ̀ Macaulay; ọba kò ṣe é bí wọ́n ti fẹ́, ìjọba sì yọwọ́ kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀. Ní 1925, wọ́n mú un kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́. Ìbíkúnlé Akítóyè jọba, lẹ́yìn rẹ̀ Sànúsí Olúsì, ẹjọ́ Elékòó sì ń lọ láti ilé-ẹjọ́ kan dé òmíràn.

Òfin tí ìjọba fi lé ọba náà kúrò ní ìlú jẹ́ gbólóhùn *bí* tó lẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Gómìnà lè pàṣẹ kí ẹnì kan kúrò bí ẹni náà bá jẹ́ olóyè ìbílẹ̀, bí wọ́n bá ti rọ̀ ọ́ lóyè, bí àṣà ìbílẹ̀ bá sì fẹ́ kí ẹni tí a rọ̀ lóyè fi àdúgbò sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọdọ̀ dúró pọ̀. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́, àṣẹ kò sí. Èrò ìjọba ni pé níwọ̀n ìgbà tí Gómìnà ti pàṣẹ, kì í ṣe iṣẹ́ adájọ́ láti máa wádìí ẹsẹ̀ náà. Ẹni tó bá ronú báyìí ti yí gbólóhùn po: ó ń ti orí àṣẹ lọ sí orí ohun tó yẹ kó ti ṣáájú rẹ̀. Ní 1931, Privy Council kọ èyí. Wọ́n ní agbára Gómìnà kò kọjá ibi tí òfin fún un dé, ilé-ẹjọ́ sì gbọdọ̀ wádìí bóyá ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀ lóòótọ́. Kí ọdún náà tó parí, Èṣùgbàyí ti padà sí Èkó, ó sì wà lórí oyè títí ó fi wàjà ní 1932.

Kò yẹ kí a sọ Macaulay di ẹni tí kì í ṣìnà. Ní 1913, ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí owó ogún tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Ní 1928, ó tún lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí pé ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé àhesọ jáde pé àwọn kan fẹ́ pa Elékòó. Ó mọ̀ dáadáa pé àpapọ̀ tó pé lórí ìwé kò tó ẹ̀rí, síbẹ̀ ó gba àhesọ gbọ́ nítorí pé ó bá ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ mu. Ẹ̀wọ̀n 1913 náà sì ní òfin *bí* tirẹ̀: ẹni tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀ kò lè du ipò. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé nígbà tó dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ ní 1923, tí ẹgbẹ́ náà sì gba àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fún Èkó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, òun fúnra rẹ̀ kò jókòó níbẹ̀ rí. Láti ilé rẹ̀, Kirsten Hall, ló ti ń darí wọn.

Ìjọba náà kò gọ̀. Òfin kan tí wọ́n ti ṣe ní 1930 sọ pé bí àríyànjiyàn bá wà lórí bóyá a yan olóyè kan gẹ́gẹ́ bí àṣà, Gómìnà nìkan ni yóò jẹ́ onídàájọ́. Wọn kò yọ *bí* kúrò nínú òfin. Ẹni tí yóò sọ pé *bí* náà ti ṣẹ ni wọ́n yí padà. Ní 1945, wọ́n tún gbé òfin mẹ́rin jáde: ọ̀kan lórí ohun àlùmọ́ọ́nì, ọ̀kan lórí ilẹ̀ tí ìjọba fẹ́ gbà fún iṣẹ́ ìlú, ọ̀kan lórí ilẹ̀ ọba, ọ̀kan lórí yíyàn àti rírọ olóyè. Ilẹ̀ àti oyè, àwọn ohun méjì tí Macaulay ti fi ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jà fún, ló tún dé yìí.

Ó ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún nígbà náà, òun sì ni ààrẹ ẹgbẹ́ NCNC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944. Ní 1946, ó bá Nnamdi Azikiwe àti àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ lọ káàkiri orílẹ̀-èdè láti tako òfin wọ̀nyí àti ìwé òfin Gómìnà Richards. Kano ni àìsàn ti dá a dúró. Wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1946. Ibojì rẹ̀ wà ní Ìkòyí. Àwọn ìwé tó fi sílẹ̀ wà ní yàrá ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn.